Nọ́ńbà Ìyàwó Mi Ni Mo Ń Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ. Bí mo bá gbọ́n ni, ọwọ́ ọ̀tún mi ì bá má rí bó ṣe rí yìí. Àwọn tó ń jẹ́rìí nípa àìsàn yìí kì í sábà dárúkọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi. Ẹlòmíì á ní iyọ̀ ni, ẹlòmíì á ní ìrònú ni. Tèmi, ìlara ni. Ìyàwó tí mo fi ọwọ́ ara mi fẹ́ ni mo sì ń ṣe ìlara rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ pákó títí ó fi kú. Jẹ́mílà ni àkọ́bí wa, nítorí náà Bàbá Jẹ́mílà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, Ìyá Jẹ́mílà sì ni wọ́n ń pe Múínátù ìyàwó mi. Bàtà ọmọdé ló ń tà. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, àwọn mìíràn ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. Àwa méjèèjì ló kù nílé.

Ẹ̀yìn ọrùn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, á dà bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ mi ní ìpàkọ́. Mo ní bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ pákó láti àárọ̀ dalẹ́ ló fà á, mo bá ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Nígbà tó yá, bí mo bá fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sórí pákó, méjì ni mo máa rí. Mi ò ní mọ èyí tí màá fi ayùn tọ̀. Mo ṣi pákó méjì rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi tí mo ti ń rẹ́ pákó láti kékeré, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fá ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tí ìyàwó tuntun kan fẹ́ gbé lọ sílé ọkọ, ẹ̀jẹ̀ já ní imú mi, ó ń kán tótó sórí pákó funfun. Mo gbé orí sókè, kò dá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ló lọ pe Múínátù wá. Aṣọ tutù ló fi dí i fún mi, ó sì ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọsíbítù ni.

A dé ọsíbítù kí oòrùn tó yọ dáadáa, a rò pé a ti tètè dé. Bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn kan ti Ìfọ́n wá, wọ́n ní àná làwọn ti wọ ìlú. Ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ìlà tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sanwó ní tirẹ̀, ìlà àtirí dókítà wá jẹ́ bàbá gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n máa pe orúkọ mi, wọ́n ti kí ìrun ọ̀sán tán ní mọ́sáláṣí. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá mi ń jẹ́ Adétóún, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni. Ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó bi mí pé, “Bàbá, ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi rìn dé ibí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Múínátù tó kàn sìn mí wá, ó ní kí Màmá náà na ọwọ́ wá. Tirẹ̀ ga ju tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ orí kò tilẹ̀ fọ́ ọ rí. Bí àwa méjèèjì ṣe gba oògùn lọ́jọ́ kan náà nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ara mi kò yá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìdáṣẹn, Ìyá Ìdáṣẹn là ń pè é, gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ní ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, kí n sì jìnnà sí oògùn òyìnbó nítorí bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé aáyù tí wọ́n rẹ sínú oyin wá. Àbúrò bàbá mi ní kí n máa jẹ ewúro ní tútù. Àwọn alúfàá wá ṣe àdúrà fún mi. Gbogbo wọn ló ń bínú bí mi ò bá ti lo tiwọn. Mo ń lo gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n bínú, ẹ̀rù ikú sì ń bà mí.

Nígbà tí a padà lọ gba oògùn, Nọ́ọ̀sì Adétóún sọ fún wa nípa ètò kan tó wà lórí fóònù. Wọ́n á fún tọkọtaya ní ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kan. Láràárọ̀, kí oníkálukú wọn tirẹ̀, kó lo oògùn rẹ̀, kó sì tẹ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ń wálẹ̀ nínú oṣù, owó tirẹ̀ á lé sí i. Nọ́ọ̀sì ní àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọn kì í parí, owó náà ni wọ́n fi ń fa wọ́n lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé wọ́n tún máa ń sanwó fún àgbàlagbà kó tó lo oògùn ara rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, Múínátù wọn tirẹ̀ lọ́jọ́ méjèèje. Bó bá ti kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ tán, á jókòó lórí àga, á gbé apá lé tábìlì, kò ní sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ á fi parí. Èmi wọn tèmi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, fóònù rẹ̀ dún pé owó ti wọlé. Tèmi dákẹ́. Ó fi hàn mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo ní ó dáa, mo sì bọ́ síta.

Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti wọ̀ mí lára. Kì í ṣe torí owó náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi jù ú lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan rí i ní Àkúrẹ́, kò sì rí mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tóbi ló máa ń pe àwọn tó ń ṣe dáadáa láti ọ́fíìsì wọn níbẹ̀. Bó bá ti di ọjọ́ Ajé, á pè é. “Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé oògùn náà kò yọ yín lẹ́nu?” Múínátù á jókòó, á máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un, á máa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń gbé àga kan tí kò bàjẹ́ wá sí pálọ̀, màá máa kan ìṣó mọ́ ọn títí tí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ wọn.

Ó kó owó náà jọ, ó ra fáànù onídúró. Àlejò tó bá wọlé á ní, “Bàbá Jẹ́mílà, ẹ kú ìnáwó o, ẹ ra fáànù.” Mi ò ní sọ pé èmi kọ́, mi ò sì ní sọ pé èmi ni. Bí ooru bá mú wa, màá yí ojú fáànù náà sọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá, màá jókòó sínú òógùn mi. Ó ní ṣé atẹ́gùn kò tẹ́ mi lọ́rùn ni, mo ní otútù ń mú mi. Àgbàlagbà ni mo pe ara mi o.

Nígbà tí wọ́n wá fi í ṣe aṣáájú àwọn tó wà nínú ètò náà ládùúgbò wa, mo ní èmi náà á gba owó náà kí oṣù tó parí. Ẹ ò rí i pé mi ò sọ pé ara mi á yá? Owó náà ni mo dárúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tó bá wù mí ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù, láìwọn nǹkan kan. Owó wọlé lọ́sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, oníkálukú gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ mọ́ ọn. Mo rò pé ó ti tán fún mi. Àṣé bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, yóò tún gbé àwọn nọ́ńbà tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ jáde. Ojoojúmọ́ tí Múínátù bá ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì náà, màá lọ sẹ́yìn títí màá fi kan nọ́ńbà tirẹ̀ kan tó dára, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ bíi tèmi.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún mi bó ṣe ń wọlé fún un. Ní ọjọ́ Ajé kan, Tóbi pe èmi náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, inú wa dùn sí yín.” Mo tẹ ohùn fóònù síta kí Múínátù lè gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Lọ́jọ́ náà, mo ra ẹja tútù tó tóbi wálé, mo jókòó bí ọba.

Ohun tó yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé irọ́ tí mo ń pa fún wọn, èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ìyàwó mi ni, síbẹ̀ bí mo bá rí i lórí fóònù mi lábẹ́ orúkọ mi, ọkàn mi á balẹ̀ pé ara mi ti ń yá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa oògùn jẹ. Nígbà tó yá, mo fi í sílẹ̀, mo gbájú mọ́ àgbo Ìyá Ìdáṣẹn. Ìpàkọ́ mi ń dùn mí, mo ní kò lè jẹ́ ìfúnpá, ṣebí tèmi ti wálẹ̀.

Ìjàgbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ni àṣírí ti tú. Wọ́n fẹ́ kó àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wọ inú ètò náà, wọ́n bá ní kí Múínátù wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Adétóún ní kó mú ọkọ rẹ̀ dání, nítorí nọ́ńbà wa dára bákan náà. Mo múra, mo bá a lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé òun ni wọ́n pè, èmi ni wọ́n ní kó mú dání. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n tẹ́ àga sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyàwó mi dìde, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa ń fi oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù àlùwàlá kí òun má bàa gbàgbé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èmi jókòó, mo ń wo bàtà mi.

Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ wọn àwa tọkọtaya lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe àsọdùn. Wọ́n wọn Múínátù, wọ́n ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí. Mi ò rí ọ̀nà tí màá gbà sá. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tú ẹ̀rọ náà, ó tún un dì. Ó tún wò ó, ó mú u lọ sí apá kejì. Kò ka tèmi sókè. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí etí mi pé, “Bàbá, ọsíbítù ni kí ẹ gbà lọ láti ibí. Ẹ má dé ilé.”

Mo ní oòrùn ló pa mí, mo ní ojú ọ̀nà kò dára. Mo ní kí awakọ̀ gbé wa lọ sílé. Nígbà tí a wọlé, mo sọ fún un pé ó ti bá wọn gbìmọ̀ kí wọ́n lè dójú tì mí láàárín èrò. Ó ń di aṣọ mi sínú báàgì, ó ń bẹ̀ mí pé ká máa lọ. Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, kẹ́tù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo tún un mú, ó tún bọ́. Mo wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíì ni. Mo pe Múínátù, ohun tó ti ẹnu mi jáde kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo lulẹ̀ sínú omi àlùwàlá mi.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù, mò ń gbọ́ ohun gbogbo, mi ò kàn lè dáhùn ni. Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá Ìdáṣẹn dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti háyà. Èdè Ọ̀wọ̀ wa ló fi ń bá Múínátù jà. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé ọsíbítù ń wo rọpárọsẹ̀, ó ní òun ti bá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wò sọ̀rọ̀ ní Ìdáṣẹn, kí wọ́n gbé àbúrò òun jáde kíá. Múínátù kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jókòó tì wá, ẹ bá wa ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yìí.” Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà títí tí ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó. Òun náà ló sáré owó. Ó pa bàtà tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ pọ̀ tà fún oníbàtà mìíràn ní ẹ̀dínwó. Owó orí fóònù tí mo ń jowú rẹ̀ ló sì fi ra oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó burú. Lórí bẹ́ẹ̀dì náà, mo ṣì ń jowú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kí i ní Ìyá Jẹ́mílà, wọ́n ń bá a ṣeré. Èmi ni “Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.”

Nígbà tí ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í là, Múínátù gbé àga súnmọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló ń lò ó láti fi pe àwọn èèyàn. Ó ṣí àwọn fọ́tò náà, ó gbé e síwájú mi. Kò pariwo.

“Bàbá Jẹ́mílà, nọ́ńbà mi rèé. Èyí náà, tèmi ni. Èyí náà. Kí ni mo fi ṣe yín?”

Mi ò wá irọ́. Ẹnu mi wúwo, mo ní, “Ìlara ni. Wọ́n ń pè ọ́. Wọn kì í pè mí.”

Mo rò pé ó máa sunkún tàbí kó dìde lọ. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Èmi náà ń jowú yín,” ló wí. “Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ̀n wá. Tèmi ló ga jù. Ẹ̀gbọ́n yín gbé àgbo wá, ọ̀rẹ́ yín gbé oyin wá, àwọn alúfàá wá. Ta ló gbé ife kan wá fún mi? Ẹ̀yin pàápàá, ẹ kò bi mí lọ́jọ́ kan pé báwo lara mi. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ẹ ń kan ìṣó lé lórí yẹn nìkan ló ń bi mí bóyá mo sùn.”

Mo wá gbogbo ọjọ́ náà nínú orí mi bóyá màá rí ọ̀kan tí mo bi í léèrè. Mi ò rí. Mo sunkún, ẹnu mi tó wọ́ kò sì jẹ́ kí ẹkún náà ní ìrísí. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nù mí lójú.

Èmi fúnra mi ló jẹ́wọ́ fún Nọ́ọ̀sì Adétóún. Wọ́n yọ mí kúrò lára àwọn tó ń gbowó, wọ́n sì ní bí mo bá fẹ́, kí n ṣì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Mò ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, ètò náà kò fún ẹnikẹ́ni lówó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò sì gbé ẹ̀rọ wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bá owó náà jà o. Ó mú ìyàwó mi jókòó lórí àga láràárọ̀ títí ó fi mọ́ ọn lára, bóyá òun ni kò jẹ́ kí àwa méjèèjì ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n owó kò mọ ẹni tí ẹ̀rọ wà ní apá rẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí rèé. Mò ń rìn, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Ọwọ́ mi kò lè di ayùn mú pẹ́, nítorí náà mò ń wọn pákó, mò ń fa ìlà, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń bá mi rẹ́ ẹ. Ìlà kan ni mò ń rí. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa gbé ẹ̀fọ́ wá dípò àgbo. Kí n tó wọn tèmi láàárọ̀, mo máa ń bi Múínátù pé báwo lara rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, àwọn elétò náà pè wá sí Ùsò, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ yìí lójú àwọn èèyàn níbẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ọkùnrin àgbẹ̀ kan ṣì dúró. Ó súnmọ́ wa, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí owó ṣì ń wọlé ni ọmọ àbúrò òun ti ń fi apá tirẹ̀ wọn nọ́ńbà tí òun ń fi ránṣẹ́, òun kò tíì na apá sí ẹ̀rọ rí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn tèmi lóòótọ́.” Múínátù dì í fún un. Ó ga gan-an. A mú un lọ sí ọsíbítù lọ́jọ́ náà, a sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pè é.

Nígbà tó ń jáde pẹ̀lú oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi, ó dúpẹ́, ó tún ọpẹ́ dá. Èmi tí mo fi ìtìjú ara mi sọ̀rọ̀ tí ó fi dúró, kò rántí mi. Ó dùn mí. Mo sọ fún Múínátù lójú ọ̀nà pé ó dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé.